Làpálàpá lára ajá: wíwò rẹ̀, wíwẹ̀ rẹ̀, àti ìdí tó fi ń padà wá

Kí irun ajá re lójú kan ṣoṣo, kí ibẹ̀ sì rí roboto bí ọmọrí ìgò, gbogbo ilé á ti pè é ní làpálàpá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti dé fàmasí, ẹnì kan ti já ewé, ẹnì kan ti gbé ìgò kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, jáde. Bẹ́ẹ̀, lára ajá, bakitéríà tó wọ ihò irun ló máa ń fa irú ojú roboto bẹ́ẹ̀ jù lọ, kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Kòkòrò kúrúnà náà ń ṣe é. Làpálàpá tòótọ́ wà o, ó ń ran ajá mìíràn, ó ń ran ológbò, ó sì ń ran ọmọdé tó ń gbá ajá mọ́ra. Ṣùgbọ́n òògùn rẹ̀ kì í pa kúrúnà, òògùn kúrúnà kì í sì í pa á. Ẹni tó bá fi roboto nìkan dájọ́ á ra òògùn méjì mẹ́ta kó tó mọ ohun tó ń bá jà.

Ohun tí à ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì níbí

Ìran ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni. Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé lára ajá, ìwà wọn ò sì jọra.

Èkíní ni làpálàpá fúnra rẹ̀. Irun, awọ òkè àti èékánná ló ń jẹ. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tó ń fà á: Microsporum canis, tó ń ti ara ológbò àti ajá wá, Microsporum gypseum, tó ń gbé inú ilẹ̀, àti Trichophyton mentagrophytes, tí àwọn eku ń gbé kiri. Ibi tí ọ̀nà ti yà fún ajá ìlú àti ajá oko nìyí. Ajá tó ń gbé agbo-ilé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ológbò aládùúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ajá ọdẹ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tó ń fi imú àti ọwọ́ tú ihò òkété, inú ihò yẹn ló ti lè kó tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí imú àti ẹsẹ̀ iwájú. Nígbà míì kì í tilẹ̀ rí roboto: á wú bí eéwo pupa lórí imú, omi á máa jáde lára rẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má là á. Kì í ṣe eéwo. Ara ajá ló ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà níbẹ̀. Abẹ á kàn dá ọgbẹ́ kún un ni.

Èkejì ni Malassezia, ìran ìwúkàrà. Ara ajá tó le koko gan-an ló ń gbé, díẹ̀díẹ̀, láì dá a láàmú. Ìgbà tí awọ bá ń rin fún ọjọ́ púpọ̀, tí ọ̀rá pọ̀ lára, tàbí tí nǹkan mìíràn ti ń yún ajá náà tẹ́lẹ̀, ló máa ń bú jáde. Kì í ran ajá kejì bíi ti làpálàpá. Àsìkò òjò létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí ajá kì í gbẹ láti àárọ̀ di alẹ́, bá a lára mu. A máa padà sórí rẹ̀ nísàlẹ̀, torí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Wo ajá náà ní ojúmọmọ

Ẹ mú un jáde sí gbangba, kì í ṣe abẹ́ òrùlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti imú, ẹ wo yíká ojú, ẹ yí etí padà, ẹ lọ sí abíyá, abẹ́ inú, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ìrù parí rẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ kejì ti irun sẹ́yìn, sí ìdojúkọ ibi tí irun ń lọ, kí awọ lè hàn.

Ojú làpálàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í mọ́ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Irun ibẹ̀ kò tu tán. Ṣe ló gé kù bíi koríko tí ewúrẹ́ jẹ kù. Ẹ fi ìka ra á, ẹ ó rí i pé ó ń gún ọwọ́ wúẹ́wúẹ́. Ìpẹ́pẹ́ funfun bí eérú á máa bọ́ létí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, àárín lè ti máa wu irun tuntun nígbà tí etí ṣì ń fẹ̀ síwájú. Orí, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù ló ń fẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ajá tó ní in kì í họra rárá, tàbí kó họra díẹ̀. Ọmọ ajá, ajá arúgbó àti èyí tí àìsàn mìíràn ti rẹ̀ sílẹ̀ ló máa ń tètè mú.

Nísinsìnyí, ẹ yọ àwọn tó jọ ọ́ kúrò.

Ẹ di bèbè etí ajá mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka, kí ẹ ra á pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá gbéra tó ń họ afẹ́fẹ́, kúrúnà ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú kàn, pàápàá tí ìgbọ̀nwọ́ àti bèbè etí bá ti lé èépá, tí ajá kò sì lè sùn lóru nítorí yíyún. Tí ó bá jẹ́ ọmọ ajá, tí irun re yíká ojú àti ẹnu tí kò sì yún un, kòkòrò Demodex lè ni. Èyí jọ làpálàpá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n, àfi kí wọ́n fá awọ wò. Tí ẹ bá rí àwọn rorẹ́ kéékèèké tó ní ọyún lórí, tàbí òrùka tí awọ ń bó yí etí rẹ̀ ká, bakitéríà ni. Tí gbogbo ẹ̀yìn sí ìdí ìrù bá re, ẹ wá eégbọn lákọ̀ọ́kọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo gbogbo ẹran ilé: ajá kejì, ológbò, ehoro. Ológbò lè gbé M. canis láìní ojú kankan lára. Kí ẹ sì wo apá àti ọrùn àwọn ọmọ. Tí òrùka pupa bá ti wà lápá ọmọ tó ń bá ajá ṣeré, ọ̀rọ̀ ti ń sún mọ́ làpálàpá.

Àyẹ̀wò tó yẹ kí ẹ béèrè

Lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ó wo ajá láti ẹnu ọ̀nà kó sì kọ ìwé òògùn. Ìfá-awọ ni ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n fi abẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú fá awọ títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á fi yọ, kí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù; ìyẹn ló ń mú kúrúnà àti Demodex jáde. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fà irun tó gé kù náà tu láti etí ojú roboto, kì í ṣe láti àárín, torí etí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà láàyè wà.

Iná Wood wà pẹ̀lú. Iná aláwọ̀ elésè-àlùkò ni, wọ́n ń lò ó nínú òkùnkùn. Irun tí M. canis wà lára rẹ̀ lè tàn ní àwọ̀ ewé títàn yòò. Kí wọ́n tan iná náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ó gbóná kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n sì fara balẹ̀ wò, torí ìpẹ́pẹ́ àti pọ́màdà náà máa ń tàn, ṣùgbọ́n irun fúnra rẹ̀ láti gbòǹgbò ni kó tàn. Àwọn méjì yòókù, ti inú ilẹ̀ àti ti eku, kì í tàn. Nítorí náà, ajá ọdẹ tí iná Wood kò bá nǹkan kan lára rẹ̀ kò tíì bọ́.

Èyí tó dájú jù ni gbígbìn: wọ́n á mú irun náà sórí oúnjẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì, wọ́n á máa wò ó lójoojúmọ́, ó lè gba tó ọjọ́ 21. Fún ajá tí ojú kò hàn lára rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ń fi fọn gbogbo ara rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, orí àti etí kẹ́yìn. Irun àti ìpẹ́pẹ́ tó bá há sáàárín rẹ̀ ni wọ́n á gbìn. Ẹ lè ṣe èyí nílé fúnra yín, kí ẹ di búrọ́ọ̀ṣì náà sínú láílọ́ọ̀nù mímọ́, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ má wẹ ajá fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ má sì fi nǹkan kan pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì lè parọ́.

Tí ibi tí ẹ wà bá jìn sí dókítà, ẹ ya fọ́tò ojú náà pẹ̀lú ọmọrí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọrí ìgò kì í tóbi sí i. Tí ojú náà bá ti fẹ̀ ju ti fọ́tò àkọ́kọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ti rí ẹ̀rí pé ó ń tàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ya ajá sọ́tọ̀. Orí sìmẹ́ǹtì, pátákó tàbí páànù ni kó sùn, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí kò sí bí ẹ ṣe máa fọ erùpẹ̀. Kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ àti òjìji wà, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé sì máa tọ́jú rẹ̀, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ iṣẹ́ tó gun apá, kí ẹ bọ́ ọ kíákíá tí ẹ bá ṣe tán.

Ajá tí ara ń ro máa ń gé ni jẹ, àní èyí tí ẹ tọ́ dàgbà. Ẹ mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà kan, ẹ ta á ní ojóbó, ẹ fi sí ẹnu rẹ̀ láàárín ojú àti imú, ẹ fà á le díẹ̀, ẹ ta kókó lábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ wá so ó sẹ́yìn etí. Ajá tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nítorí ooru ẹ má so ó lẹ́nu, ẹnu ló fi ń tu ara.

Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé irun yíká ojú làpálàpá náà, ìwọ̀n ìka méjì kọjá etí rẹ̀. Ẹ má fi abẹ fá a. Abẹ ń ha awọ, ibi tó bá ha ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń bá wọlé, ìyẹn ló ń sọ ojú kan di mẹ́wàá. Irun tí ẹ gé, ẹ kó o sórí bébà, kí ẹ jó o. Irun yẹn gan-an ni irúgbìn.

Wíwẹ̀ ajá

Ṣampú tó ní miconazole 2% àti chlorhexidine 2% ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ. Níbi tí kò bá sí, ti ketoconazole 2% tí wọ́n ń tà ní fàmasí fún èèyàn wà, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó lò ó. Omi ìfọ̀ enilconazole, tí wọ́n pò dé 0,2%, náà dára, kí ẹ rọra dà á sí gbogbo ara, kí ẹ má fi omi ṣàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó ń fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́, ọrọọrún ni kó máa wẹ̀ ẹ́, á sún mọ́ ọn.

1. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìwẹ̀ lásán fọ ìdọ̀tí kúrò lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣàn án dáadáa. Ṣampú òògùn tí ẹ bá dà sórí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń wẹ̀.

2. Ajá kìlógíráàmù 15, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ pò ó mọ́ ife omi kan nínú ìgò tí ẹ ti lu ìdérí rẹ̀, kó lè tàn ká.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìrù, lẹ́yìn náà abẹ́ inú àti ẹsẹ̀, àárín ọmọ ìka. Orí ló gbẹ̀yìn, kí ẹ fi aṣọ pa á, kí ó má wọ ojú. Gbogbo ara ni o, kì í ṣe ojú roboto nìkan; irúgbìn ti tàn dé ibi tí ẹ kò rí.

4. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú 10 ni ṣampú gbọ́dọ̀ lò lára. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: lójú ẹni tó di ajá tó ń gbọ̀n mú, ìṣẹ́jú méjì ti dà bíi wákàtí. Kí ẹnì kan máa ra á lára, kí ẹnì kan di orí mú kó má lá ara rẹ̀.

5. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án títí omi tó ń jáde á fi mọ́, pàápàá abíyá àti abẹ́ itan. Ẹ fi aṣọ ìnura rẹ̀ tirẹ̀ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó yá oòrùn títí gbòǹgbò irun á fi gbẹ.

Lórí ojú làpálàpá kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fi ìpara miconazole tàbí clotrimazole pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó kọjá etí rẹ̀ sí awọ tó dára. Ẹ mú ajá rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ẹ fún un ní oúnjẹ, kó lè gbàgbé láti lá a. Ìpara nìkan kì í wo làpálàpá ajá tó nírun púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìpara tí wọ́n pò mẹ́ta pọ̀, tí orúkọ bíi clobetasol tàbí betamethasone wà lára páálí wọn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí pípọ́n àti yíyún lọ lọ́jọ́ kejì, inú oníajá á sì dùn. Nígbà yẹn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń rí àyè gbilẹ̀, torí ohun tó wà nínú wọn ń dá ara dúró láti jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó máa wo ojú tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì rí roboto mọ́.

Òògùn jíjẹ

Tí ojú bá pọ̀, tàbí tí ajá pọ̀ nílé, wíwẹ̀ nìkan kì í tó. Dókítà ló ń kọ òògùn jíjẹ, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ ìṣirò rẹ̀. Ẹ gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ajá lápá, kí ẹ tún gùn ún lọ́wọ́ òfìfo. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìwọ̀n ajá. Terbinafine, miligíráàmù 30 sí 40 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: ajá kìlógíráàmù 12 á gba nǹkan bíi 360, ìyẹn ni hóró 250 kan àti ààbọ̀. Itraconazole, miligíráàmù 5 fún kìlógíráàmù, ó jẹ́ 60 fún ajá yẹn. Kápúsù 100 ò ṣeé pín pẹ̀lú ojú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bí ẹ ṣe máa lò ó.

Griseofulvin ti wà tipẹ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́: miligíráàmù 25 sí 50 fún kìlógíráàmù. Ikùn tó ṣófo kì í gbà á, ọ̀rá ló ń gbé e wọ ara, nítorí náà ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ tí ẹ ta ṣíbí epo kan sí. Ajá tó lóyún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ketoconazole hóró wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ajá bì, ó sì lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Òògùn èyíkéyìí tí ẹ bá ń fún un, tí kò bá jẹun mọ́, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ bá di pupa rúsúrúsú bí ọsàn, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún fún gbogbo ẹran tó bá ń họra, kòkòrò ló ń pa. Kò mọ fọ́ńgọ́ọ̀sì rí. Òògùn bakitéríà náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ilé, okùn, ṣaworo

Irúgbìn làpálàpá tó wà nínú irun tó re sílẹ̀ lè wà láàyè tó oṣù 18 níbi gbígbẹ. Ajá tí ẹ wò sàn tí ẹ sì dá padà sórí àpò tó ń sùn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa tún un kó.

Ẹ má gbálẹ̀ ní gbígbẹ, ìgbálẹ̀ ń ju irun sókè ni. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fi aṣọ tútù nu irun jọ, kí ẹ jó o. Ọṣẹ àti omi ni ẹ kọ́kọ́ fi fọ sìmẹ́ǹtì, torí Javel, ìyẹn bleach, kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò Javel. Tí ó bá jẹ́ 2,6%, ife kan sí ife omi 15. Tí ó bá sún mọ́ 5%, ife kan sí ife omi 31. Kí ilẹ̀ náà máa rin fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pò ó ni kí ẹ lò ó tán, agbára rẹ̀ ń lọ. Kí ajá má sí níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ má pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ sì fi omi ṣan ìtọ̀ kúrò kí ẹ tó da Javel síbẹ̀. Èéfín tó ń jáde lára irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń wẹ ajá. Àpò àti aṣọ tó ń sùn lé, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì léra, ní omi púpọ̀, kí ẹ sá a sóòrùn gangan. Èyí tó bá ti gbó, iná ló tọ́ sí i. Okùn ọrùn náà, ẹ jó o. Ti ajá ọdẹ, ẹ yọ ṣaworo kúrò lára awọ tí wọ́n fi so ó, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀ níbi tí irun máa ń há sí, kí ẹ wá awọ tuntun fún un. Mo mọ̀ pé ọdẹ kì í fẹ́ pààrọ̀ awọ yẹn. Kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi pa ajá tí kò yẹ

Kpayo àti epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú: wọ́n ń jó awọ, ajá á sì lá wọn sínú. Òògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí òwú, tó ṣẹ́ kù lóko, burú jù wọ́n lọ. Ajá tí wọ́n fi wẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kó kú lọ́jọ́ yẹn. Omi bátìrì kò yẹ ká máa sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é.

Ewé asùnwọ̀n òyìnbó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti ń fi í ra làpálàpá, kì í sì í ṣe irọ́, ohun tó ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í lá ara rẹ̀. Ewé kan náà ni wọ́n ń sè mu láti ya ìgbẹ́, ajá tí ẹ fi pa lára á lá a títí, á wá máa ṣu omi. Ọmọ ajá kò ní omi tó pọ̀ lára tó lè pàdánù. Tí ẹ bá máa lò ó dandan, kó jẹ́ ojú kékeré kan lórí ọrùn tí ahọ́n rẹ̀ kò dé, kó má sì gba ipò ìwẹ̀.

Ìgbà wo ni ó tán?

Kì í ṣe ọjọ́ tí irun bá wù. Irun máa ń wù kí fọ́ńgọ́ọ̀sì tó lọ, ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí làpálàpá fi ń padà wá nìyẹn: ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ojú ti bò, owó ti ń tán, ẹ dá ìwẹ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló máa ń gbà nígbà púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbìn, ẹ máa bá a lọ títí gbígbìn méjì tó tẹ̀ léra wọn á fi jáde láìní nǹkan kan. Ibi tí kò sí, ẹ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kún un lẹ́yìn ọjọ́ tí ojú tó kẹ́yìn bá ti bò tán.

Tí ojú tuntun bá ń yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìwẹ̀ pípé, ẹ wo ológbò ilé, ẹ wo àpò tó ń sùn lé, kí ẹ tún padà lọ béèrè ìfá-awọ.

Ọmọdé tó ní òrùka lápá, ẹ mú un lọ sí séntà ìlera, ìpara máa ń tó. Tí ó bá jẹ́ orí ni, tí irun ọmọ ń gé, ìpara kì í dé gbòǹgbò irun, òògùn jíjẹ ni wọ́n á fún un. Ẹ sọ fún wọn pé ajá ilé ní làpálàpá.

Tí ó bá jẹ́ Malassezia

Imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín: òórùn òróró tí wọ́n fi dín àkàrà láná tí wọn ò dà nù. Ara ajá á máa yọ̀ lọ́wọ́. Abíyá, abẹ́ ọrùn àti abẹ́ itan á pọ́n, lẹ́yìn náà á dúdú, á nípọn, á hun bí awọ erin. Irun àárín ọmọ ìka rẹ̀ á di pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí itọ́, torí kì í yéé lá a. Èyí ń yún gan-an.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: sẹ́lótéèpù funfun ni dókítà á lẹ̀ mọ́ awọ náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, á kùn ún láró, á sì wò ó. Malassezia á hàn bí ẹ̀pà tó ṣì wà nínú èèpo, tí ìbàdí rẹ̀ fún.

Ṣampú kan náà, ìṣẹ́jú 10 kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má fi àdí àgbọn tàbí òrí ra á. Ọ̀rá ni oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ìdí láti ya ajá sọ́tọ̀ tàbí láti jó okùn rẹ̀. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún un ni kí ẹ wá: eégbọn, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀, ibùsùn tó ń rin. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ ó máa wẹ̀ ẹ́ títí ọdún.

Etí rẹ̀ lè ní ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀. Ẹ da omi ìfọtí ajá sínú rẹ̀ títí á fi kún, ẹ ra ìdí etí fún ìṣẹ́jú kan, kó máa dún ṣọ̀bọ̀ṣọ̀bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbọn orí, kí ẹ wá fi òwú nu ibi tí ìka yín dé nìkan. Tí ó bá ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó ń ké tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má da nǹkan kan sí i. Kí dókítà kọ́kọ́ wò ó bóyá awọ ìlù etí ti ya.